Àlejò Kì Í Gba Ìyẹ̀wù Jáde

Ojú ewé kan ṣí lórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì yẹ kó ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi ń jẹ mí lọ́kàn. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti máa ń dúró de aṣọ, mo ń lo Wi-Fi tí mo dìídì ṣe fún wọn. Ìka mi ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà kan tí mo ti fi pamọ́ sórí fóònù náà tipẹ́: 192.168.1.64, nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà ilé wa sílẹ̀. Kíá ló ṣí. Ó ní kí n kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún ìyàwó mi pé ọ̀tọ̀ ni Wi-Fi oníbàárà yẹn, pé ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ kò lè rí ohunkóhun nínú ilé. Ráútà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo rà. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà tó ń pín fún fóònù náà yàtọ̀: tiwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.50, tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fọkàn balẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, ẹni tó wá kí wọ́n wọn òun, ẹni tó sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ọmọ tó wá gba aṣọ ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ kámẹ́rà wa láìmọ̀.

Ká ní kámẹ́rà nìkan ni, bóyá ǹ bá tètè gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa, orí kọ̀ǹpútà ilé ló sì wà. Ẹni tó yá owó, iye tó yá, ẹni tó ṣe onídùúró fún un, ẹni tí kò tíì san, gbogbo rẹ̀ wà nínú fódà kan tí mo ṣí sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà ìyàwó mi náà lè máa rí i, nítorí òun ló ń bá mi tẹ ìwé jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni ìyàwó mi ń ránṣọ fún. Kí ẹnì kan jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kó máa ka gbèsè ẹni tó jókòó tì í, ohun tí mo rò nìyẹn tí oorun fi dá lójú mi.

Nọ́ńbà yàtọ̀, ọ̀nà ò yàtọ̀

Ohun tí mo ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é. Mo fa wáyà kan láti ẹ̀yìn ráútà tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé fún wa, mo kì í bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí lára ráútà tuntun, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà tirẹ̀. Mo gbà pé nígbà tí nọ́ńbà ti yàtọ̀, ilé ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìbéèrè kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fóònù oníbàárà fẹ́ bá 192.168.1.64 sọ̀rọ̀. Ó rí i pé nọ́ńbà yẹn kò sí ládùúgbò òun, ó gbé iṣẹ́ náà lé ráútà tuntun lọ́wọ́ pé kó bá òun jẹ́ ẹ. Ní ojú ráútà tuntun, gbogbo ohun tó bá ti wà lápá ihò WAN rẹ̀, ìta ni. Kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà, Google, ìta ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ni pé kó máa mú ará ilé tirẹ̀ dé ìta. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà láìjáfara.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bó ṣe ń jíṣẹ́ ló ń pa nọ́ńbà fóònù rẹ́, tó ń fi tirẹ̀ rọ́pò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ páásíwọ́ọ̀dù mi láti orí Wi-Fi oníbàárà, mo wọlé, mo lọ wo ibi tí ẹ̀rọ kámẹ́rà ti ń kọ orúkọ àwọn tó bá wọlé sílẹ̀. 192.168.1.23 ló kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà inú ilé wa nìyẹn, nọ́ńbà tí ráútà àgbà fún ráútà tuntun. Ìyẹn ni pé bí àlejò bá wọlé, ọmọ ilé ni ìwé yóò pè é.

Ráútà kejì yẹn ń dáàbò bo ẹnì kan lóòótọ́. Àwọn oníbàárà ló ń dáàbò bò lọ́wọ́ wa. Kọ̀ǹpútà mi kò lè fọwọ́ kan fóònù wọn, ṣùgbọ́n fóònù wọn lè dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà mi. Mo mọ odi tán, mo sì dojú rẹ̀ kọ ilé ara mi.

Pulánì tí Bàbá wò

Bàbá ìyàwó mi ló tú ọ̀rọ̀ náà. Bíríkìlà ni wọ́n, ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi kọ́lé kiri Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan, iná ti lọ, àtùpà oníbátìrì ló wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo ti ń fi báírò ya àpótí àti ìlà, tí mò ń wá ibi tí mo ti ṣi í ṣe. Wọ́n na ọwọ́ mú ìwé náà, wọ́n sún un mọ́ iná.

Wọ́n ní, "Bàbá Fẹ́mi, ilé ta nìyí?"

Mo ní, "Ilé wa ni, Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá. Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ni mò ń yà."

"Títì dà?"

Mo fi òkè ìwé hàn wọ́n, ibi tí mo kọ íntánẹ́ẹ̀tì sí.

"Ibo ni tàwọn àlejò?"

Mo fi àpótí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá hàn wọ́n. Wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò lé orí ìlà tó jáde níbẹ̀. Èékánná náà nípọn, sìmẹ́ńtì ti jẹ ẹ́ létí. Wọ́n ń wọ́ ọ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó wọ àpótí àárín, èyí tí mo kọ kọ̀ǹpútà, ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà sí, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó wá dé títì. Wọ́n dá èékánná padà sísàlẹ̀, wọ́n tún un wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló ya pulánì yìí? Àlejò yín ń gba ìyẹ̀wù jáde sí títì."

N kò lè fèsì. Gbogbo ohun tí mo ti ń kà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí èyí tó là mí lójú tó gbólóhùn yẹn. Bàbá kò mọ ohun tí ráútà ń ṣe, wọn kò sì bèèrè. Ilé ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá ń gbà kọjá, ó ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, ìbáà ṣe pé kò dúró.

Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa igi lé orúkọ inú àpótí méjèèjì, wọ́n ní kí n kọ tàwọn àlejò sí ti òkè, kí n kọ tiwa sí ti ìsàlẹ̀. "Ẹ gbé wọn síwájú. Kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn." Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀, wọ́n bèèrè bóyá àmàlà ti jinná.

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yìn" yìí gan-an ló ti tàn mí. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé kí a gbé nǹkan sẹ́yìn firewall, ìyẹn oníbodè tó ń yẹ ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì wò, pé ẹ̀yìn ni ààbò wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ta? Àwọn oníbàárà ni mo gbé sẹ́yìn, tí èmi àti ìwé ẹgbẹ́ wà níwájú tí wọ́n ń gba orí wa kọjá. Àwọn tó kọ́ agboolé láyé àtijọ́ kò ṣèèṣì gbé ìyẹ̀wù síbi tó wà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ ó gbà kí ẹ tó dé ìyẹ̀wù. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń gba ìyẹ̀wù kí wọ́n tó dé ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un lómi, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. N kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan bínú nítorí pé wọn kò mú un wọ ìyẹ̀wù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo yí i padà, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ráútà àgbà, tó wà níwájú, di tàwọn oníbàárà. Kọ̀ǹpútà, ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà kó lọ sẹ́yìn ráútà kejì. Mo gbé fóònù, mo jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ nọ́ńbà tuntun tí ẹ̀rọ kámẹ́rà ń jẹ́. Òbíríkítí kékeré yẹn ń yí lójú fóònù, ó ń yí, kò ṣí. Bí ẹ bá ní ráútà méjì nílé, tí ẹ kò sì fẹ́ náwó sí i, ẹ lè dúró síbí. Àbẹ̀wò ìṣẹ́jú kan péré ni: ẹ bọ́ sórí Wi-Fi àlejò yín, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kámẹ́rà yín, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí.

Ihò mẹ́ta

Èmi kò dúró síbẹ̀, nítorí pé ohun gbogbo tí a bá ń ṣe nínú ilé ṣì ń gba ọ̀ọ̀dẹ̀ àwọn oníbàárà kó tó dé títì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè jókòó síbẹ̀, kó máa pariwo fún àwọn ẹ̀rọ pé òun ni ráútà, kí wọ́n sì máa kó ẹrù wọn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ayé òde òní ló ti wà nínú àpò tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, kò ní rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rí ibi tí a ń rán an lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oníbàárà kankan lè ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń tún ráútà àgbà ṣe.

Mo wá ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, àlòkù, tó ní ihò wáyà mẹ́ta. Mo gbé OPNsense lé e lórí, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di firewall. Ọ̀fẹ́ ni. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì ínfátà wa gbé òun àti ráútà méjèèjì láìṣòro. Ihò kìíní lọ sọ́dọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì pa Wi-Fi ara ráútà àgbà. Ihò kejì ni ilé. Ihò kẹta, àlejò. Ọ̀nà méjì tó pàdé níwájú oníbodè kan, tí ọ̀kan kò gba inú èkejì.

Ráútà tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ kò ṣòfò, òun ni mo sọ di access point. Mo pa iṣẹ́ nọ́ńbà pípín tó ń ṣe, mo yọ wáyà kúrò nínú ihò WAN rẹ̀, mo kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN, èyí tó wà fún ẹ̀rọ inú ilé. Kò tún dá ẹjọ́ kankan mọ́, ohun tó bá gbọ́ láfẹ́fẹ́ ni yóò gbé sórí wáyà, ohun tó bá dé lórí wáyà ni yóò gbé sáfẹ́fẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni mo gbé e kọ́, nítorí búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án ni ògiri wa, Wi-Fi 5 GHz kì í sì í fẹ́ la irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá. Wáyà rẹ̀ kò ju mítà 18 lọ. Ọgọ́rùn-ún mítà ni irú wáyà yẹn lè dé, àyè ṣì pọ̀. Lórí ìgbì Wi-Fi kejì, 2.4 GHz, ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 àti 11 ni kì í gun ara wọn lórí. Ojú ọ̀nà 6 ni àwọn aládùúgbò kún, mo mú 11.

Nígbà tí mo so ó tán, fóònù rí Wi-Fi, ó gba nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pa á, mo tàn án. Wáyà kọ́ ló ṣe é. OPNsense máa ń fún ihò ilé ní àyè láti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tí ẹ bá fi kún un, kò fún un ní àṣẹ kankan, ibi tí kò bá sì sí àṣẹ, kò sí ọ̀nà. Nígbà tó yé mi, ara tù mí. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì, tí èmi fúnra mi yóò ṣí níwọ̀n tí mo bá fẹ́, ó sàn ju èyí tó ṣí gbayawu tí mo ní láti máa wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri.

Òkè ni ó ti ń ka àṣẹ wálẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ni yóò tẹ̀ lé. Torí náà, bí ẹ ṣe tò ó ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ kọ. Mo kọ́kọ́ gba àlejò láyè láti bèèrè orúkọ ojúlé lọ́wọ́ oníbodè, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ibi tí Google wà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kò gbọdọ̀ bá oníbodè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ lọ sí nọ́ńbà ilé kankan, àwọn agbo mẹ́ta tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún inú ilé láti ọdún 1996: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó wà láti 172.16 dé 172.31, àti 192.168. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti wá kọ ọ́ pé kó máa lọ síbi tó bá wù ú. Bí èyí bá ṣèèṣì bọ́ sókè àwọn ìkìlọ̀ yẹn, asán ni gbogbo wọn.

Ohun kan ṣì wà tí firewall kò lè ṣe. Fóònù méjì tó wà lórí access point kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ firewall kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Access point ló ń gbé e láti ọwọ́ ọ̀kan sọ́wọ́ èkejì. Oníbodè kò lè yẹ ẹrù tí kò dé bodè wò. Inú access point fúnra rẹ̀ ni mo ti lọ tan ohun tó ń ya àlejò kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó wá gba aṣọ ìgbéyàwó kó wàhálà látọwọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Ohun tó wà nínú àpò àlejò

Àbúrò ìyàwó mi, tó ń sun ilé wa nígbà ìsinmi, ló bèèrè ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù. "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Wi-Fi àlejò ni mo fún un.

Mo fọkàn tán an. Ó lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, kó lò ó. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wọlé. Fóònù rẹ̀ bá a wọlé, oríṣiríṣi áàpù sì wà lórí fóònù náà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tó bá sùn. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Nítorí ojú tì mí láti sọ fún ènìyàn pé "ẹ má bínú, n kò lè fún yín ní ti inú ilé", mo ti jẹ irú gbèsè yẹn rí, kì í sì í ṣe owó mi nìkan ni ǹ bá fi san án. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni wọ́n ti fi àṣírí wọn lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún un ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kámẹ́rà tó wà lókè ilẹ̀kùn. Lọ́dún 2016, ètò aburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀, àti ráútà inú ilé àwọn ènìyàn ló ń wá. Àwọn orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí iléeṣẹ́ fi sí ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, bí ọgọ́ta, ló fi ń gbìyànjú. Èyí tó bá ṣí di ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn, wọ́n kó irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti iléeṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń júwe ọ̀nà ojúlé fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí Twitter àti Netflix ṣí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn wà nílé wọn, wọn kò mọ nǹkan kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n rà kí ó máa ṣọ́ ilé ló sì lanu.

Kámẹ́rà tiwa, mo ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Àmọ́ n kò mọ ẹni tó kọ ètò inú rẹ̀, n kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lóru, mo sì gbé e sínú ìyẹ̀wù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹgbẹ́. Àbúrò ìyàwó mi, tí mo mọ̀ láti kékeré, ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wo kámẹ́rà náà títí, ó ní, "Ẹ gbé ìyẹn náà jáde nígbà náà."

Ihò mẹ́ta ti kún. Kámẹ́rà nílò ọ̀nà kẹrin, nítorí n kò lè kó o mọ́ àwọn oníbàárà kí wọ́n máa wo ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀nà kan wà tí wáyà kan ṣoṣo lè gbà gbé ọ̀nà púpọ̀, tí wọ́n ń fi àmì sára ẹrù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ilé tó ń lọ. VLAN ni wọ́n ń pè é. N kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, mo fẹ́ràn wáyà tí mo lè fi ìka tẹ̀ lé bí Bàbá ṣe tẹ̀ lé ìlà wọn. Ní báyìí mo ti ra switch, àpótí tí a ń ki wáyà púpọ̀ bọ̀, tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó fa wáyà kámẹ́rà láti òrùlé wá síbi tí yóò wà, Bàbá sì ti ní kí n má ṣe gbẹ́ ògiri kankan kí àwọn tó dé.